Bí Ilẹ̀ Ìta Bá Ga Dé Ara Ògiri

Ẹ wo ìdí ògiri pálọ̀ yín, lápá ibi tí mọ́tò máa ń sùn sí. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ń wú bí àkàrà, tí ohun funfun bí iyọ̀ sì ń hu lára rẹ̀, ẹ má tíì pe péńtà. Ẹ jáde síta, kí ẹ lọ wo ilẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ohun tó dì pa. Ihò tíntìntín ló kún inú rẹ̀, omi inú ilẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ gòkè bí epo ṣe ń gba òwú àtùpà dé ìdí iná. Kò sẹ́ni tó ń ti epo yẹn. Òwú ló ń fà á. Ìdí nìyẹn tí bíríkìlà tó mọṣẹ́ fi ń tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn sórí ìpìlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ògiri. DPC ni wọ́n ń pè é. Bí omi bá gòkè débẹ̀, ìrìn rẹ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ìta bá ti ga ju náílọ́ọ̀nù yìí lọ, omi á kàn gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú ògiri lókè rẹ̀, bí olè tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ tó gba fèrèsé.

Ní Ìlú Ọba, òfin àwọn kọ́lékọ́lé ni pé kí ilẹ̀ ìta fi mìlímítà 150, ìyẹn íńṣì 6, rẹlẹ̀ sí DPC. Kí ló dé tó fi tó bẹ́ẹ̀? Nítorí ìtasí òjò ni. Òjò tó bọ́ sórí yanrìn máa ń wọlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bọ́ sórí òkúta líle á ta padà sókè, sára ògiri.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ínńtálọ́ọ̀kì inú àgbàlá sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 60, ìyẹ̀fun òkúta abẹ́ rẹ̀ á sì tó 50. Bí wọn ò bá gbẹ́ ilẹ̀ kúrò kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, íńṣì 4 ó lé díẹ̀ ti lọ nínú 6. Ti Èkó tún lágbára: wọ́n tún títì ṣe, títì ga, àgbàlá di odò, onílé da yanrìn sí i, ó wá fi ínńtálọ́ọ̀kì dé e lórí. Ilé tí a ń gun àtẹ̀gùn wọ̀ tẹ́lẹ̀ di ilé tí a ń sọ̀ kalẹ̀ wọ̀. Ikán pàápàá mọyì irú ilé bẹ́ẹ̀.

Mo mọ onílé kan tó lẹ táìsì mọ́ ìdí ògiri rẹ̀ dé ìbàdí. Ó dùn ún wò. Lọ́dún kejì, ọ̀rinrin yọ lókè táìsì, ní ọ̀gangan àyà. Omi tí ẹ dí lọ́nà níhìn-ín á máa gòkè títí yóò fi rí ibi tí yóò ti gbẹ dà nù. Ọ̀dà olóròóró náà ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìta ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ká ínńtálọ́ọ̀kì tó fara kan ògiri kúrò, ní fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ títí yóò fi rẹlẹ̀ ju íńṣì 6 lọ sí náílọ́ọ̀nù. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí náílọ́ọ̀nù wà, ẹ fi ilẹ̀ inú yàrá díwọ̀n; kì í sábà jìnnà sí i. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kòtò náà, ṣùgbọ́n ẹ má kún un dé òkè: kí ojú òkúta náà ṣì rẹlẹ̀ tó íńṣì 6 sí náílọ́ọ̀nù. Kí páìpù oníhò sì wà nínú rẹ̀ tí yóò gbé omi lọ sí gọ́tà, nítorí kòtò tí kò lọ́nà àbájáde, kànga lẹ gbẹ́ fún ògiri yẹn. Ínńtálọ́ọ̀kì tó kù gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà gọ́tà, kò gbọdọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ ilé: íńṣì 1 ní ẹsẹ̀ bàtà 5 tó. Ọ̀nà rọrùn fún ẹni tí kò tíì tẹ́ tirẹ̀: kó sanwó kíkó yẹ̀pẹ̀ dà nù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí owó náà dun ún tó.

Ògiri ò ní gbẹ lọ́sẹ̀ kan. Ó lè gba oṣù bíi mélòó kan. Ẹ gé sìmẹ́ǹtì tí iyọ̀ ti jẹ kúrò lára rẹ̀, torí iyọ̀ yẹn á ṣì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kan fẹ́ sí i, kí ẹ tún un rẹ́, kí ẹ wá pe péńtà.