Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń lọ́ra láti gbéra: ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Òwú ti kúrò lóko, ọyẹ́ ti dé, ọkọ̀ sì ti ń kó ẹrù lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya hóró òwú. Àkókò yìí gan-an ni awakọ̀ máa ń wí pé: «Ọkọ̀ yìí kò fẹ́ gbéra mọ́. Bí mo tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ńṣe ló ń wọ́.»

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ọkọ̀ tó kún fún òwú, tó fẹ́ ti ọ̀nà oko bọ́ sí ọ̀nà ńlá Kùtọnu sí Parakou ní agbègbè Sábẹ̀, gbọ́dọ̀ lè kúrò lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ mìíràn tó ká a mọ́ ibẹ̀. Bí ó bá lọ́ra, ẹ̀mí wà nínú ewu. Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ lè fi owó òwú ra turbo tuntun, kó tó wá hàn pé asẹ́ atẹ́gùn tó dí ló fa gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò náni lówó.

Ibi tí agbára ti ń wá

Atẹ́gùn àti epo ni ẹ́ńjìnnì gasoil ń jẹ. Ẹ wo iná ìdáná: bí igi bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò rí atẹ́gùn, èéfín ni yóò máa rú. Bí atẹ́gùn bá wà ṣùgbọ́n tí igi kò tó, iná kò ní lágbára. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, turbo tó ń ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì kò tíì yára. Ìdí nìyẹn tí àìsàn kékeré fi máa ń kọ́kọ́ hàn níbẹ̀.

Ẹ bi awakọ̀ léèrè

- Ṣé lójijì ló bẹ̀rẹ̀, àbí díẹ̀díẹ̀? Bí ó bá jẹ́ lójijì lẹ́yìn tí ẹ ra epo, ẹ fura sí epo. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ fura sí asẹ́.
- Ṣé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tó kún nìkan ni, ẹ wò ó bóyá ẹrù ti pọ̀ jù.
- Vitesse wo ló fi ń gbéra? Vitesse kìíní ni ẹni tó ru ẹrù wúwo fi ń gbéra, kì í ṣe ìkẹta.

Ẹ tẹ̀ lé e báyìí

Ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ fi òkúta dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró síwájú tàbí sẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí sìgá tàbí iná nítòsí.

1. *Frein.* Ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀ láìtẹ frein púpọ̀. Bí ó bá dúró, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, frein rẹ̀ kò tú sílẹ̀ dáadáa. Ẹ má gbé òwú sórí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: frein tó gbóná lè dáná sí ẹrù. Bí ó bá jẹ́ frein tó ń fi atẹ́gùn ṣiṣẹ́, ẹ dúró kí atẹ́gùn inú rẹ̀ kún kí ẹ tó gbéra.

2. *Embrayage.* Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá ń ga sí i ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò yára, tí òórùn jíjó sì ń jáde, embrayage ló ń yọ̀. Ẹ dán an wò: ẹ fa frein ọwọ́, ẹ tẹ frein ẹsẹ̀, ẹ fi vitesse kẹrin sí i, kí ẹ tú embrayage sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú. Bí kò bá kú, embrayage ti jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ ṣe é.

3. *Asẹ́ atẹ́gùn.* Eruku ọyẹ́ àti fọ́nrán òwú máa ń dí i. Ẹ tú u, ẹ wò ó. Bí ó bá jẹ́ ti bébà, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́: ẹ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ láti inú síta, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ láìní asẹ́, bó ti wù kó kéré mọ. Eruku tó bá wọ inú turbo àti ẹ́ńjìnnì yóò jẹ wọ́n run.

4. *Rọ́bà atẹ́gùn turbo.* Ẹ wo gbogbo oríkèé rẹ̀. Bí ó bá ya, tàbí tí ohun tó so ó bá tú, atẹ́gùn yóò máa sá jáde, a ó máa gbọ́ ariwo bíi fèrè, èéfín dúdú yóò sì máa rú. Ẹ so ó le.

5. *Epo.* Epo kpayo tó wà nínú bidon lẹ́bàá ọ̀nà lè ní omi tàbí ìdọ̀tí nínú. Ẹ tú díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ asẹ́ epo sínú ìgò funfun, ẹ jẹ́ kó tòrò. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò wà. Ẹ da omi náà nù, kí ẹ pààrọ̀ asẹ́ epo, kí ẹ sì lé atẹ́gùn kúrò nínú ọ̀nà epo. Ẹ tún ṣí ọmọrí táǹkì: bí ẹ bá gbọ́ híì, tí ọkọ̀ sì gbéra dáadáa lẹ́yìn náà, ihò atẹ́gùn ọmọrí ló dí.

6. *Okùn ìtẹ̀.* Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kí ẹlòmíràn wo ìparí okùn náà lára ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá ṣí tán, ẹ tún un ṣe.

Ohun tí èéfín ń sọ

Dúdú: epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, ẹ padà sí nọ́ńbà 3 àti 4. Funfun lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná: epo kò jó tán, tàbí omi wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ búlúù: òróró ẹ́ńjìnnì ń jó. Bí kò bá sí èéfín ṣùgbọ́n tí agbára kò sí, epo kò dé ibi tó yẹ, ẹ padà sí nọ́ńbà 5 àti 6.

Ìgbà tí ẹ ó pe mẹkáníìkì

Bí gbogbo èyí bá dára tí ọkọ̀ kò sì sàn, ọ̀rọ̀ ti di ti fáńpù epo, injecteur tàbí turbo fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń tú jáde nídìí injecteur: epo tó ń fi agbára jáde lè gún ẹran ara. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ tuntun, mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tó ń kà á ni kí ẹ pè.

Ẹ kọ ohun tí ẹ wò, ohun tí ẹ rí àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é sínú ìwé ẹgbẹ́. Mẹkáníìkì tó bá ka ìwé yìí kò ní ta ohun tí ẹ kò nílò fún yín. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kí òwú wa dé ibi tó ń lọ láyọ̀, kí awakọ̀ wa sì padà wálé.