Kọ̀ǹpútà Tí Kò Rí Gbogbo RAM Rẹ̀

Bí olùkọ́ kan ní Ìlọrin bá fi RAM méjì, gígábáìtì 4 kọ̀ọ̀kan, sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí ẹ̀rọ náà sì ń ka ẹyọ kan péré, kí ó má tíì ná owó oṣù rẹ̀ lórí òmíràn. Eruku ni kí ó kọ́kọ́ fura sí, nítorí ọyẹ́ ìlú náà kì í mọ ihò yà. Kí ó yọ wáyà iná, kí ó fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ náà, kí ó wá yọ RAM. Rọ́bà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pa ohun tí ó kọ rẹ́ tó láti fi nu ìlà wúrà ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún wọlé. Bí kò bá yí padà, kí ó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ihò kan náà. Bí méjèèjì bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ihò kejì ni ó ní àrùn.

Ṣùgbọ́n bí BIOS bá ka 8, tí Windows kò sì lè lò tó 4, ọ̀ràn mìíràn ni. Windows oníbíìtì 32 tí ó wọ́pọ̀ kò lè lò ju àdírẹ́sì 4,294,967,296 lọ, ìyẹn gígábáìtì 4, káàdì àwòrán àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sì ń gba tiwọn nínú rẹ̀. Windows oníbíìtì 64 ni ojútùú rẹ̀, kì í ṣe ọjà.