Adelé, aṣojú, àti ọ̀rọ̀ kan láti Nẹ́dálándì

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń gbé ní Nẹ́dálándì rí ọ̀rọ̀ gígùn kan nínú ìwé ìjọba wọn: zaakgelastigde. Ó ní, "Prọ́fẹ́sọ̀, kí la ó máa pè é ní Yorùbá?" Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń rò ó ní Ofosu níbí.

Zaak ni ọ̀ràn. Gelastigde ni ẹni tí wọ́n gbé nǹkan lé lọ́wọ́. Last tó wà láàárín rẹ̀, ẹrù ni. Wọn kò sì dá a rò o. Chargé d'affaires ti àwọn Faransé ni wọ́n tú ní oríkèé-ríkèé, òun náà sì ní ẹrù nínú.

Tiwa ńkọ́? Adelé aṣojú ni mo fara mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé inú dé, bíi ti Bámidélé, ni adelé ti wá. Rárá o! Dè ni, èyí tó wà nínú "dúró dè mí". Ẹ rántí ohun tí mo kọ́ yín: bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn rẹ̀ a di àárín. "Dúró de Bàbá." De ilé, delé, adelé: ẹni tó ń bá onílé ṣọ́ ilé títí onílé yóò fi dé. Nígbà tí Déjì Àkúrẹ́ wàjà ní ìparí ọdún 2013, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jẹ́ adelé títí di 2015. Kò sẹ́ni tó pè é ní Déjì.

Ìdí tí mo fi ń jà lé e rèé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú pe àwọn aṣojú wa lókè òkun wálé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹnì kan. Oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni orúkọ àwọn tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Láàárín ìgbà yẹn, adelé ló di ọ̀pọ̀ ilé mú, ṣùgbọ́n "aṣojú" ni mo ń gbọ́ lórí rédíò. Aṣojú mú ìwé Ààrẹ dání lọ bá olórí orílẹ̀-èdè. Adelé kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti há sí mi lọ́fun nìyí: àdéhùn Vienna ti 1961 mọ oríṣi kejì, èyí tí a yàn sọ́dọ̀ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tí kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Zaakgelastigde gba àwọn méjèèjì. Adelé kò gbà á. Ikọ̀ ì bá dára, àmọ́ àwọn oníròyìn eré ìdárayá ti fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ní òmíràn, kó fi ránṣẹ́ sí mi.