Ta Ni Ọ̀gá Olùkọ́ Tuntun?

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ní Sùúrùlérè, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ni wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ òógùn bò mí. Wọ́n fún mi ní ìwé orúkọ àti ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ní, “Tíṣà, kíláàsì yín rèé,” wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn ọmọ ń pariwo, èmi náà ń pariwo. Kí oṣù kan tó pé, mo ti kọ ìwé pé n kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó wà nínú àpótí mi.

Télọ̀ kan wà ládùúgbò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo jókòó tì í, mo rí bí ó ti ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti kọ́kọ́ ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ó fi bébà kọ́ bí a ti ń gé aṣọ. Lọ́jọ́ náà, aṣọ oníbàárà ló kàn. Ọ̀gá rẹ̀ dúró tì í, kò gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ó bá fẹ́ ṣì gé nìkan ni ó ti ń wí pé, “Tún un wò.”

A ti kọ́ ẹ̀kọ́ Lev Vygotsky, ará Rọ́ṣíà tí ó kú ní 1934, ní kọ́lẹ́jì: ohun tí ọmọ bá rí ìrànlọ́wọ́ ṣe lónìí, yóò dá a ṣe lọ́la. Ìsọ̀ télọ̀ ni ó ti yé mi.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà pàápàá mọ̀ ọ́n tipẹ́. Láyé àtijọ́, Òṣómàáló, tí ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí í lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi sanwó, a máa mú ọmọ-iṣẹ́ dání. Ọmọ yóò ru ẹrù, yóò sì máa wo ẹni tí ó yẹ kí a tà fún láwìn, títí yóò fi lè dá ọjà tirẹ̀ tà.

Ni mo bá tọ olùkọ́bìnrin àgbà kan lọ: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì yín.” Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ̀yin náà ni ẹ kò wí!” Mo wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, àwọn náà wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì tèmi. Wọn kò bá mi wí lójú ọmọ. Nígbà tí ilé-ìwé parí, wọ́n sọ ohun kan tí mo ṣe dáadáa àti ẹyọ kan tí ó yẹ kí n tún ṣe. Mo fa ìwé inú àpótí ya.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ fi olùkọ́ tuntun sọ́wọ́ àgbà kan fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ àti oníṣòwò, ẹ má fi omi pípọn àti ọmọ gbígbé jẹ ọdún ọmọ-iṣẹ́ tán. Iṣẹ́ ni òbí rẹ̀ ní kí ó wá kọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ béèrè. Ìtìjú kì í kọ́ni níṣẹ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè.