Ẹ̀yin obìnrin Ìwó tó ń lọ sí Ìmẹ̀kọ, ẹ ka ọjọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó mọ́tò o!

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí Kérésì ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ Ìmẹ̀kọ ló máa ń gbẹnu àwọn ọmọ Sẹ̀lẹ́. Láti Ìwó, èèyàn á gba Ìbàdàn jáde sí Abẹ́òkúta, á gba Ayétòrò kọjá, kó tó dé ìlú tó wà nítòsí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ náà. Ìrìn àjò ẹni tó sùn di aago mẹ́wàá kọ́ o. Ṣùgbọ́n owó mọ́tò kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wá, ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Porto-Novo, ìyẹn Àjàṣẹ́, ni Wòlíì Samuel Bilehou Oshoffa, káfíńtà tó tún ń ṣòwò igi, ti dá ìjọ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1947. Ìmẹ̀kọ ni ìlú ìyá rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tó kú lọ́dún 1985. Ìdí nìyẹn tí èrò fi máa ń rọ́ lọ síbẹ̀ fún àìsùn Kérésì.

Ẹni tó bá wọ sùtánà ò gbọ́dọ̀ wọ bàtà, bó jẹ́ àárín títì ló wà. Àlejò náà á bọ́ tiẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọyẹ́ á la ẹsẹ̀ yín, ẹ mú òrí dání. Obìnrin á borí, ọkùnrin á jókòó lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Aṣọ dúdú àti pupa, ẹ fi wọ́n sílé. Ìwó ìlú àlùfáà kúkú nìyí, ẹni tó ti ń bọ́ bàtà ní mọ́sálásí láti kékeré, kí ló fẹ́ ṣòro níbẹ̀?

Èyí tó le ni ti nǹkan oṣù. Obìnrin tó bá ń ṣe é ò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìsìn títí ọjọ́ méje á fi pé, tí wọ́n á sì yà á sí mímọ́. Ẹni tó bímọ, ó di ogójì ọjọ́. Inú ìwé Léfítíkù lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọkùnrin ni ìwé náà ka ogójì fún, ọgọ́rin ló kà fún ọmọbìnrin.

Ẹ wá wò ó: ẹni tó ń wá ọmọ, tó tọ́jú owó fún oṣù mẹ́fà, tó tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, tí nǹkan oṣù wá ká a mọ́ Ayétòrò! Nǹkan tó tìtorí ẹ̀ fẹ́ lọ gbàdúrà gan-an ló dá a dúró síta yẹn. Àwọn kan á ní òfin náà ti le jù, pé Ọlọ́run ló dá obìnrin bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ilé onílé ni, àlejò ò lè yí i padà. Èyí tó wù kẹ́ ẹ gbà, ẹnu ọ̀nà kọ́ la ti ń jiyàn ẹ̀.

Ẹ gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀, kẹ́ ẹ kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ 24, oṣù kejìlá. Bí ọjọ́ méje náà ò bá ní í pé kí alẹ́ ọjọ́ yẹn tó lẹ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín máa lọ, kẹ́ ẹ fi àbẹ́là rán an.