Bí Chauffe-eau Bá Ń Gbóná Jù: Ọ̀rọ̀ Omi Gbígbóná àti Ara Ọmọ

Àsìkò yìí lọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ fojú kan omi tútù láàárọ̀. Òtútù tó ń fẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn àwọn òkè Ṣábẹ̀ lóru kì í ṣe kékeré, àwọn ìyá àgbà ò sì ní gbà kí wọ́n fi omi tútù wẹ ọmọ tuntun tàbí ìyá rẹ̀. Torí náà, omi gbígbóná la ó sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná se omi nínú bálùwẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní chauffe-eau.

Ìbéèrè kan ló fà á. Bàbá kan tó ń ṣọ́ ilé fún ẹni tó ń gbé ní Cotonou ló bi wá pé: "Nọ́ọ̀sì, omi chauffe-eau ilé tí mò ń ṣọ́ ń gbóná bí omi tí èèyàn fẹ́ fi ro ọkà. Ó máa ń dédé kú. Électricien á wá tẹ bọ́tìnnì pupa kan, á ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì, á tún kú. Ìyàwó ọmọ onílé sì ń bọ̀ wá jókòó ìkókó lọ́dọ̀ wa. Kí ni ká ṣe?"

Ẹ lè sọ pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ électricien. Ó kàn mí gan-an. Ẹni tí omi bá jó, ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n ń gbé e wá, wọn kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ électricien. Mo ti jókòó ti àwọn tó ń tún un ṣe kí n tó wá síwájú máíkù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àgbá irin ni, wọ́n fi nǹkan tí kì í jẹ́ kí ooru sá lọ wé e, wọ́n wá fi páànù bò ó. Omi tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, omi gbígbóná ń gba òkè jáde. Irin kan wà nínú rẹ̀ tí iná ń mú gbóná, résistance lorúkọ rẹ̀. Thermostat ni ọlọ́pàá ibẹ̀: òun ló ń ṣọ́ bí omi ṣe gbóná tó. Bí omi bá ti dé ìwọ̀n tí ẹ fi í sí, á gé iná. Bí omi bá tutù díẹ̀, á dá iná padà. Bí ọlọ́pàá yìí bá sùn, ẹlòmíì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn agéná tó máa ń já nígbà tí omi bá ń lọ sí híhó. Òun ni wọ́n ń dá padà bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì pupa. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wà lẹ́nu páìpù omi tútù, àwọn plombier ń pè é ní groupe de sécurité. Bí agbára omi inú àgbá bá ti dé bars 7, á ṣí, á da omi díẹ̀ nù.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Bọ́tìnnì pupa kì í ṣe àìsàn, àmì àìsàn ni. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ méjì méjì dà bí ìyá tó ń fún ọmọ ní paracétamol lójoojúmọ́ tí kò wádìí ibi tí ibà ti ń wá.

Kí ló wá máa ń fà á? Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ sí àìsàn kankan: ẹnì kan ló yí thermostat dé òpin nígbà òtútù, kò sì rántí dá a padà. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá wà ní ìwọ̀n 60 tí omi ṣì ń hó, a jẹ́ pé thermostat náà ti bàjẹ́. Àwọn irin kékeré méjì tó ń pàdé, tó ń pínyà nínú rẹ̀ ti lè lẹ̀ mọ́ ara wọn, iná ò sì ní gé mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀pá tó fi ń mọ ooru omi ti yọ kúrò ní ibi tó yẹ kó wà, ó wá ń rò pé omi ṣì tutù. Wọ́n máa ń pààrọ̀ thermostat ni, owó rẹ̀ ò sì tó owó chauffe-eau tuntun rárá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹfun. Ẹ wo inú ìkẹ́tù tàbí ìkòkò tí ẹ fi ń se omi kànga: nǹkan funfun kan máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó le bí òkúta. Irú rẹ̀ ló ń dì mọ́ résistance. Bí ó bá ti nípọn, ooru ò lè tètè kọjá sínú omi, irin náà á máa gbóná sí i, á máa pariwo bí ẹni ń dín nǹkan, títí yóò fi jó tàbí tí agéná yóò fi já. Ẹni tó bá ń lo omi forage ní láti jẹ́ kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n nù ún, lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ìkẹta ni pé kí omi má sí nínú àgbá. Omi SONEB lè lọ, kí ẹnì kan tú àgbá gbẹ, kí ẹlòmíì wá tan iná sí i. Résistance tí kò sí nínú omi, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi jó.

Ohun méjì wà tí mi ò lè gbójú fò. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí agéná bá ti ń já lemọ́lemọ́, wọ́n á yọ thermostat kúrò, wọ́n á so wáyà pọ̀ tààrà, wọ́n á ní "ó ti dára." Kò dára o! Wọ́n ti lé ọlọ́pàá méjèèjì lọ. Ekejì sì ni àwọn tó ń fi èèpo rọ́bà tàbí ìdérí dí ẹnu groupe de sécurité nítorí pé omi ń kán níbẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ kán níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Omi tó bá gbóná máa ń fẹ̀ ni: lítà 100 tó ti ìwọ̀n 20 dé 65 fẹ́ẹ̀ fi lítà 2 pọ̀ sí i, èyí tó lé yẹn sì ní láti ríbi gbà. Bí ẹ bá dí i, tí thermostat náà sì ti bàjẹ́, omi inú àgbá lè kọjá 100 láìtíì hó, nítorí pé kò ráyè. Ọjọ́ tí àgbá náà bá wá ya, omi yẹn á di oruku lẹ́ẹ̀kan náà, oruku sì ń gba àyè tó ju ti omi lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,600. Ògiri kì í dá irú rẹ̀ dúró.

Torí náà, ẹni tí omi rẹ̀ bá ń hó, tàbí tí oruku ń jáde lẹ́nu robinet: ẹ gé iná rẹ̀ ní disjoncteur, kì í ṣe nínú yàrá ìwẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Ẹ má fi ọwọ́ tọ́ omi náà wò. Ẹ kó ọmọdé kúrò níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kó lè tutù, kí ẹ tó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá dé, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó fi thermostat àtijọ́ hàn yín. Ẹni tó bá ní òun ò nílò láti pààrọ̀ nǹkan kan, tó kàn tẹ bọ́tìnnì, ẹ wá ẹlòmíì.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ọlọ́lá ní Cotonou, tí wọ́n ń tọ́jú piscine, lè bá ẹ̀rọ amómigbóná ibẹ̀ pàdé pẹ̀lú. Èyí yàtọ̀ díẹ̀, torí omi kì í dúró nínú rẹ̀, ṣe ló ń ṣàn kọjá. Bí ó bá ń gbóná jù, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá omi ń kọjá dáadáa: filtre tó dọ̀tí, páìpù tí wọn ò ṣí tán, pọ́ǹpù tí wọ́n pa kí ẹ̀rọ tó tutù. Omi piscine ò gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n 40 fún ẹnikẹ́ni, aboyún ò sì yẹ kó jókòó sínú èyí tó gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ara èèyàn. Ní 1947, Moritz àti Henriques ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí iye àkókò tí omi gbígbóná fi ń ba awọ ara jẹ́, àwọn oníṣègùn sì ń lò ó títí dòní. Omi tó wà ní ìwọ̀n 55 ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó jó awọ àgbàlagbà wọnú. Ní 60, ó di ìṣẹ́jú àáyá 5. Ní 70, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Awọ ọmọ tuntun sì tinrin ju tiwa lọ, tirẹ̀ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣí robinet sórí ọmọ, tí omi tó ń jáde jẹ́ 70, kí ẹ tó fà á kúrò, ó ti jó.

Ẹnì kan á sọ pé kí a kúkú dá thermostat sí 40, ká lè sinmi. Rárá. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Legionella, ó fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, láàárín 25 sí 45. Ọdún 1976 ni ó kọ́kọ́ di ìròyìn, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia, nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró pa ọ̀pọ̀ àwọn tó wá ṣèpàdé níbẹ̀. Ẹni tó bá mí oruku tàbí ìkùukùu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ ló ń kó o. Ẹ fi àgbá sí 60, kí ẹ sì po omi pọ̀ kí ó tó kan ara.

Bí a ṣe ń pò ó nìyí, ì báà jẹ́ chauffe-eau, ì báà jẹ́ ìkòkò orí iná: omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú agbada, kí ẹ tó da gbígbóná lé e. Ẹ má ṣe òdìkejì, torí ọmọ tó ń rìn lè tẹ ẹsẹ̀ bọ gbígbóná kí ẹ tó bu tútù dé. Ẹ fi ọwọ́ rò ó, kí ẹ wá fi ìgbùnwọ́ wò ó. Ìgbùnwọ́ ni, nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ ìyá tó ti ń dáná lójoojúmọ́ ti le, kò lè mọ̀. Omi ọmọ tuntun kò yẹ kó kọjá ìwọ̀n 37 tàbí 38. Ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń jo àbíyamọ lómi, ẹ jọ̀ọ́, ojú ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ó ti ya tàbí tí wọ́n rán, kò lè gba omi híhó. Kò ní jẹ́ kó yára jinná, ṣe ni yóò dá egbò mìíràn sí i.

Àwọn tó ń lo boiling ring, ẹ yọ ọ́ lára iná kí ẹ tó fọwọ́ kan omi. Ẹ má fi sínú báàfù rọ́bà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lọ ọjà.

Bí omi bá ti jó ẹnì kan ńkọ́? Omi tútù lásán, kì í ṣe yìnyín, ni kí ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Bí wákàtí mẹ́ta ò bá tíì kọjá, ó ṣì wúlò. Ẹ bọ́ aṣọ, ẹ tú òrùka, ẹ gé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ kúrò, torí ibẹ̀ máa ń wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ má fà á. Ẹ má fi ẹyin, iyọ̀, epo pupa, ògì tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Àwa la máa ń họ wọ́n kúrò lára ọmọ tó ń ké, egbò a sì gba kòkòrò. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ fi aṣọ gbígbẹ bo ibi tó kù lára rẹ̀ kó má bàa gba òtútù, kí ẹ máa bọ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jóná pẹ̀lú ìka rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀. Ìjóná tó bá ju ìyẹn lọ, tàbí tó wà lójú, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, lójú ara, tàbí lára ọmọ ọwọ́ bó ti wù kó kéré tó, ilé ìwòsàn ni, ọjọ́ náà gan-an. Bí iná bá ti mú ilé, 118 ni nọ́ńbà àwọn panápaná. Kí ẹ sì mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ dání bí ẹ bá ń bọ̀, nítorí pé a ó wò ó bóyá abẹ́rẹ́ tétánù rẹ̀ ti pé.