Òkun Kì Í Hó Ruru: Ojú Ọjọ́ àti Iṣẹ́ Inú Ọkọ̀ Òkun Elérò

Àwọn àgbà a máa sọ pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Lẹ́nu ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyànjú ni: a fi ń tu oníbìínú nínú, a sì fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ń kánjú. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀gá ọkọ̀ tí ó wà láàárín agbami, tí ẹ̀mí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kọjá òwe. Ìlànà iṣẹ́ ni. Bí a bá fẹ́ mọ bí ojú ọjọ́ ti ń darí ìgbé-ayé inú ọkọ̀ òkun, inú ìlànà yìí ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni ọkọ̀ elérò tí ń ná ọ̀nà kan náà ní gbogbo ìgbà, tí ọjọ́ ìṣíkọ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ ìgúnlẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ìwé kí èrò tó san owó. Ó yàtọ̀ sí ọkọ̀ ìgbafẹ́, èyí tí ó lè yà kúrò lọ́nà láti wá ibi tí oòrùn gbé ń ràn. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà mọ̀ ní àtijọ́ ni Aureol, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tí wọ́n kàn ní Glasgow, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Ó tó nǹkan bí 14,000 tọ́ọ̀nù, ó sì lè gbé èrò tí ó ju 300 lọ. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni ó fi ń ti Liverpool dé Èkó. A sì máa yà ní Las Palmas àti Freetown. Ní 1972 ni ó fi Liverpool sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣíkọ̀ láti Southampton. Ní 1974 ni ó sì fi ọ̀nà Èkó sílẹ̀ pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti àpò lẹ́tà ni ó ń kó. Gbogbo wọn ni a ń retí lọ́jọ́ kan pàtó. Ojú ọjọ́ nìkan ni kò bá wọn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà.

Afẹ́fẹ́ ni ó ń bí ìgbì. Nǹkan mẹ́ta ni ó sì ń pinnu bí ìgbì yóò ti ga tó: bí afẹ́fẹ́ ti le tó, iye wákàtí tí ó fi ń fẹ́ láìdáwọ́ dúró, àti bí omi tí ó ń fẹ́ lé lórí ti gbòòrò tó. Ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ tí ó kàn ń ru ojú ọ̀sà fi lè gbé omi dìde bí òkè ní agbami Àtìláńtíìkì. Ní 1805 ni Francis Beaufort, ọmọ-ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣètò òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Bí a ti ń lò ó lónìí, òdo ni ìgbà tí òkun bá tẹ́jú bí dígí. Ipò 8 ni ìjì gidi ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń sáré ju kìlómítà 60 lọ ní wákàtí kan. Ipò 12 sì ni ìjì àjàkú, tí eré rẹ̀ ju kìlómítà 117 lọ.

Ṣùgbọ́n ìgbì kì í kú síbi tí a bí i sí. Ìjì tí ó jà ní ìhà gúúsù Àtìláńtíìkì lè rán ìgbì gígùn jáde, tí yóò rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kí ó tó fọ́ sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí ewé igi kò tilẹ̀ mì. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí ìsọ̀kalẹ̀ ní Accra le púpọ̀ kí wọ́n tó ṣí èbúté Tema ní 1962. Ọkọ̀ ńlá a dúró lókèèrè. A ó gbé èrò sínú àga onípákó, a ó sì fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ń fò lókè ìgbì. Ẹni tí ó di okùn mú gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ìgbì gbé ọkọ̀ kékeré náà sókè. Bí ó bá ṣì í mọ̀, èrò náà ni yóò farapa.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ìgbì ń gbà da ọkọ̀ láàmú. Bí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ọkọ̀ yóò máa yí sọ́tùn-ún, yóò máa yí sósì. Bí ó bá ti iwájú wá, ọkọ̀ yóò máa gbé orí sókè, yóò sì máa dorí kodò bí ẹni tí ń foríbalẹ̀ fún ọba. Nígbà tí orí ọkọ̀ bá wọlẹ̀, ìdí rẹ̀ a gbé sókè. Abẹ̀bẹ̀ irin tí ń ti ọkọ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ kúrò nínú omi, a sì máa yí ní àyíjù, gbogbo ara ọkọ̀ a sì gbọ̀n. Nígbà tí orí ọkọ̀ bá tún já lu omi, ìró rẹ̀ a dún bí àrá, àní irin tí ó nípọn lè tẹ̀. Ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ máa ń ṣe nígbà náà kò ṣòro láti sọ: yóò dẹ ìrìn ọkọ̀, yóò sì kọ orí rẹ̀ sí ìhà tí ìgbì ti ń bọ̀, kí ìgbì má baà gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ elérò ni ó wá ní apá irin lábẹ́ omi, bí lẹbẹ ẹja, tí ń dín yíyí sọ́tùn-ún sósì kù. Ní 1958 ni wọ́n fi irú rẹ̀ sí Queen Mary. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré ni irú lẹbẹ bẹ́ẹ̀ lágbára jù lọ, kò sì lè dá dídorí kodò dúró.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo inú ọkọ̀. Bí baromítà, ẹ̀rọ tí ń wọn ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́, bá bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀ kíákíá, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí èrò tó mọ̀ rárá. Àwọn atukọ̀ a so okùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ènìyàn lè rí ohun dì mú. Wọn a ti ìlẹ̀kùn tí ó kọjú sí òkun, wọn a fi irin bo fèrèsé róbótó tí ó wà nísàlẹ̀, wọn a so dùùrù àti àga mọ́lẹ̀, wọn a sì fa omi inú adágún ìwẹ̀ gbẹ. Ní ilé ìdáná, àwọn alásè kì í bu omi kún ìkòkò, wọn a sì fi ọ̀pá irin há ìkòkò mọ́ ojú ààrò. Òróró gbígbóná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé kúrò. Nínú gbọ̀ngàn ìjẹun, wọn a gbé etí tábìlì dúró kí àwo má baà yọ̀ sílẹ̀, wọn a sì fi omi rin aṣọ tábìlì kí ó lè di àwo mú. Oúnjẹ a dín kù lórí tábìlì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn tí ń gbé e kò dín kù: yàrá ni wọn yóò máa gbé ọbẹ̀ àti omi lọ fún àwọn tí kò lè dìde.

Ohun tí ó ń mú kí wọ́n má lè dìde náà ní ìdí. Inú etí wa ni ẹ̀yà ara tí ń sọ fún ọpọlọ pé a ń yí tàbí a dúró wà. Nínú yàrá ọkọ̀, etí a ní à ń yí, ojú a sì wo ògiri, a ní kò sí ohun tí ń yí. Ẹ̀rí méjèèjì kò bára mu. Òòyì àti èébì ni ó ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gba aláìsàn níyànjú pé kí ó bọ́ síta bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó sì tẹjú mọ́ ibi tí òkun àti ọ̀run ti pàdé. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ àìsàn yìí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé èrò lè dùbúlẹ̀. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ní wákàtí tirẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti gba ọ̀dọ̀ Las Palmas kọjá sí gúúsù, ìyà mìíràn ni yóò bá pàdé. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì a bọ́ aṣọ tí ó nípọn, wọn a wọ funfun. Èrò a máa ṣeré lókè ọkọ̀, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, nídìí ẹ̀rọ, ooru lè ju ìwọ̀n 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ní ayé ọkọ̀ eléèédú, àwọn tí ń kó èédú sí iná a máa dákú nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ọdún, eruku ọyẹ́ a fẹ́ jáde láti aṣálẹ̀ bo ojú òkun, tí ilẹ̀ kò fi ní hàn mọ́. Ní àárín ọdún, òjò Freetown a dá iṣẹ́ dúró: a ó pa ihò ẹrù dé nítorí ìyẹ̀fun, sìmẹ́ńtì àti ṣúgà, wákàtí a sì máa lọ.

Bí ìjì ti ń dẹ́rù bani tó, ojú ọjọ́ tí ó parọ́rọ́ náà lè pani. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1912, òkun tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sì sí òṣùpá. Nítorí pé ìgbì kò fọ́ sí ìdí òkè yìnyín tí ó wà níwájú, ó ṣòro fún àwọn tí ń ṣọ́nà lórí Titanic láti tètè rí i. Wáyálẹ́ẹ̀sì ti kìlọ̀ pé yìnyín wà lọ́nà, síbẹ̀ ọkọ̀ kò dẹ ìrìn. Àwọn tí ó kú lé ní 1,500. Bákan náà, ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1956, Andrea Doria wà nínú kùrukùru nítòsí Nantucket, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. New York ni ó yẹ kí ó gúnlẹ̀ sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Díẹ̀ ni ó dín eré rẹ̀ kù. Òun àti Stockholm ní ráádà, síbẹ̀ wọ́n forí gbárí, ènìyàn 51 sì kú. Ẹ̀rọ lè fi ohun tí ń bọ̀ han ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè fún un ní sùúrù.

Kì í ṣe pé sùúrù ń dènà gbogbo jàǹbá. Ní oṣù kẹrin 1966, ìgbì ńlá kan fọ́ iwájú Michelangelo, ọkọ̀ ilẹ̀ Ítálì, lójú ọ̀nà New York, ènìyàn mẹ́ta sì kú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án 1995, nígbà tí ìjì tí a pè ní Luis bá Queen Elizabeth 2 lójú Àtìláńtíìkì, ọ̀gá rẹ̀, Ronald Warwick, kò bá ìjì náà du ọ̀nà. Ó kọ orí ọkọ̀ sí ìgbì, ó sì ń dúró kí ó kọjá. Ìgbì kan tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 29 yọ nínú òkùnkùn, ó sì bo orí ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà là á já, kò sì sí ẹni tí ó kú.

Níhìn-ín ni a ti rí iṣẹ́ tí ó ṣòro jù fún ọ̀gá ọkọ̀. Kì í ṣe láti sáré la ìjì kọjá, bí kò ṣe láti gbà pé òun yóò pẹ́. Bí ó bá pẹ́ tí gbogbo ènìyàn sì gúnlẹ̀ láyọ̀, èrò yóò kùn pé ọjọ́ wọn bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ yóò sì ṣírò owó epo àti owó èbúté. Kò sí ẹni tí yóò rí jàǹbá tí kò ṣẹlẹ̀, kí ó wá dúpẹ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni òfin àgbáyé tí ó wà fún ààbò ẹ̀mí lójú òkun fi sọ ọ́ ní kedere pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dí ọ̀gá ọkọ̀ lọ́wọ́ nínú ìpinnu tí ó bá gbà pé ó yẹ fún ààbò ẹ̀mí. Òfin kan náà sì pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá rí yìnyín tàbí ìjì eléwu gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún ọkọ̀ tí ó wà nítòsí.

Ìkéde yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láti ìgbà ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Brussels ní 1853 ni àwọn ọkọ̀ ti gbà láti máa kọ ojú ọjọ́ sílẹ̀ ní ìlànà kan náà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń rán ìròyìn afẹ́fẹ́, ìgbì àti ooru jáde ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Ohun tí ọkọ̀ kan jìyà rẹ̀ lánàá ni ọkọ̀ mìíràn fi ń yà fún ewu lónìí.

Lónìí, ọkọ̀ òfúrufú ti gba èrò Èkó àti Liverpool lọ. Queen Mary 2, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, ni ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ àtijọ́ yìí láàárín Southampton àti New York. Ó ní sátẹ́láìtì tí ń fi ìjì hàn án lókèèrè, ara rẹ̀ le, eré rẹ̀ sì yá. Síbẹ̀, alẹ́ méje ni ó sábà máa ń lò lójú ọ̀nà tí Queen Mary àkọ́kọ́ fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin rìn ní 1938. Eré tí kò lò yẹn jẹ́ àpò ìpamọ́ fún un: bí ìjì bá dá a dúró ní òru kan, ọ̀nà ṣì wà láti fi dé lásìkò. Àwọn tí ó ṣètò ìrìn rẹ̀ ti ka ojú ọjọ́ mọ́ ara àwọn tí ó ni ọ̀nà náà, wọ́n sì ti fún un ní ìpín tirẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí.